Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Iṣẹ́: Bí A Ṣe Lè Borí Ẹ̀rù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ nípa ahọ́n tí ó máa ń lọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́nu níbi iṣẹ́ ni, nígbà tí ọ̀gá bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta nítorí ìtìjú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ń tọ́jú ọjà ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kó ọjà dé lábẹ́ òjò. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rí i pé omi ti wọ inú àwọn páálí kan, ó sì kọ̀, kò tọwọ́ bọ ìwé ọjà náà. Ó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ó tutù sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kà wọ́n. Bí ó ti lọ kí ìrun Màgàríbà, ẹlòmíràn bá a tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì kó gbogbo ọjà náà wọlé.

Nígbà tí oṣù yí po, a rí i pé ọjà púpọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n pe ọmọ wa sí ọ́fíìsì. Ènìyàn mẹ́rin ni ó jókòó dè é. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé: "Didn't you sign for these goods?" Ọmọ wa túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀: "Ṣé o kò tọwọ́ bọ ìwé ọjà wọ̀nyí ni?" Gbogbo wa ni a mọ bí Yorùbá ṣe máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tọwọ́ bọ̀ ọ́." Nítorí náà ó la ẹnu, ó ní: "Yes, sir." Gbólóhùn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e há sí i lọ́fun.

Ní etí àwọn tí ó béèrè, "Yes" yẹn túmọ̀ sí pé ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n tún bi í ní ìbéèrè kejì, èyí tí kò gbọ́ dáadáa. Ojú ń tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ, ó tún ní "Yes, sir." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fún un ní ìwé kúẹ́rì, wọ́n sì ní kí ó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgba owó. Ọmọ mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tí ó yọ ọ́ ni pé bàbá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó pàdé rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, ó sì fi Yorùbá bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kólòlò rárá. Bàbá yìí lọ yẹ ìwé náà wò, ó rí i pé ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ wa. Wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ ìtàn náà fún wa, ó ní owó ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kọ́ ni ó dùn òun jù. Ó ní ohun tí ó dùn òun ni pé òun mọ òtítọ́, òun sì jókòó síwájú àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ ọ, òun kò lè gbé e jáde lẹ́nu.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe kọ àròkọ yìí. Ẹni tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ gbe ara rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún un, wọ́n sì lè sọ ohun tí kò sọ.

Níbo ni ẹ̀rù náà ti wá?

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé àìgbọ́n kọ́ ni. Ọmọ tí a ń sọ yìí lè ka Sūratu Yā-Sīn lórí, ó sì lè túmọ̀ ìwé gírámà Lárúbáwá fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù náà ní ìtàn.

Ní ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ èdè wọn wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò sì jẹ́ kí ọmọ wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà yí wọn lẹ́sìn padà. Ọdún 1896 ni ìjọba tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1923, àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, kí àwọn ọmọ wọn lè rí ẹ̀kọ́ ìwé kọ́ láìsọ ẹ̀sìn wọn nù. Nítorí èyí, ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti wọlé, ó sì wọlé bí àlejò tí a kò fọkàn tán. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó kù sí ọ́fíìsì lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, kí a sì fi Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá kún un nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá, yóò bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí kejì wà nílé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó san owó ìtanràn ní kékeré nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ọmọ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó, tí kò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá, kí ni kí ó ṣe ju pé kí ó panu mọ́ lọ? Ìdí kẹta ni ẹ̀rín. Bí ènìyàn bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ láwùjọ, a ó ní ó ti yìnbọn, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Àwa olùkọ́ kéwú náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ìgbà kan wà tí pàṣán ni a kọ́kọ́ máa ń fi dá ọmọ lóhùn bí ó bá ṣi háràfì kan kà. Ọmọ tí a bá ń nà nítorí àṣìṣe ẹnu, ohun tí yóò kọ́ jù ni bí a ti ń dákẹ́. Yóò gbé ìdákẹ́ yẹn lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ó bá dàgbà.

Bí ẹ̀rù bá sì ti wà, ọkàn á máa ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ó sì tún ń ṣọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà ṣìnà. Ó dà bí ẹni tí ó ru omi tí ó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Omi náà á dànù dandan. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn mọ̀ dáadáa nílé fi máa ń sá kúrò lẹ́nu rẹ̀ níwájú ọ̀gá. Ohun tí ó ń dín ẹ̀rù yìí kù ni pé kí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa wá a mọ́.

Yorùbá kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn òbí kan rò pé bí ọmọ yóò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì, àfi kí wọ́n má sọ Yorùbá sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí á rán wọn létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ẹni tí ó di Mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà ní ọdún 1990, ṣáájú àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún mẹ́ta ìkẹyìn, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tí ó bá ti lè to èrò rẹ̀ dáadáa ní èdè ìyá rẹ̀ ti ní ohun tí yóò túmọ̀ sí èdè mìíràn.

Kíkọ́ èdè ẹlòmíràn nítorí iṣẹ́ kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ̀gbàwá sọ pé Ànábì wa pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thābit láti kọ́ ìwé àwọn Júù, kí ó lè máa bá a ka lẹ́tà tí ó bá wá láti ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì máa bá a kọ èsì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó fi kọ́ ọ. Nínú Sūratu Tā-Hā ẹ̀wẹ̀, a kà pé Ànábì Mūsā bẹ Ọlọ́hun kí Ó tú kókó tí ó wà ní ahọ́n òun, kí ọ̀rọ̀ òun lè yé àwọn tí a rán òun sí. Bí ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè sọ ìṣòro ahọ́n rẹ̀ jáde, kí ni ó ń ti àwa lójú?

Ohun tí kéwú ti fún wa tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín, nítorí pé ohun ìní yín ni a fẹ́ fi hàn yín. Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìró kan tí Yorùbá kò ní. Ìró tí a ń kọ ní th nínú "thin" kò sí nínú Yorùbá, ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ di "tin", èyí tí í ṣe agolo. "Three" á di "tree", èyí tí í ṣe igi. Ìró th kejì, irú èyí tí ó wà nínú "then", á di "den". Z náà kò sí. A sọ zakāt di sàká, a sì ń sọ "zoo" bí ẹni ń pe orúkọ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Sue.

Ṣùgbọ́n ọmọ kéwú ti kọ́ ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nídìí tajwīd. Thā ni ó wà nínú "thin": orí ahọ́n á kan etí eyín òkè níwájú, èémí á sì gba àárín wọn jáde. Dhāl ni ó wà nínú "then": ibì kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn á dún pẹ̀lú rẹ̀. Zāy ni ti "zoo". Ẹnu tí ó lè ya Sīn sọ́tọ̀ kúrò lára Thā lórí ìrun kò yẹ kí ó sọ pé òun kò lè pe "three" fún ọ̀gá.

Bákan náà ni sùkúùnù. Ní Yorùbá, sílébù kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì tàbí ìró aránmú ni ó máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni "bed" fi di bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu wa. Ọmọ kéwú mọ̀ pé bí a bá dúró sórí "kitāb", Bā ìkẹyìn á gba sùkúùnù, a kò ní fi fáwẹ̀lì kankan tì í lẹ́yìn. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe lórí "bed", "book" àti "work". Níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta bá ti tẹ̀ lé ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi "bread" àti "street", Lárúbáwá kò ní í ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé kò fi sùkúùnù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èyí gba ìdánrawò tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni v àti ch, tí kò sí nínú Yorùbá, tí kò sì sí nínú Lárúbáwá tí a ń kọ́. Fún v, ẹ fi eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe f, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn dún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "very" á di "ferry", ọkọ̀ ojú omi. Fún ch, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti t, kí ẹ sì tètè bọ́ sí ṣ, kí "chair" má baà di "share". Àwọn kan nínú wa tún máa ń yọ h níbi tí ó yẹ kí ó wà, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí kò yẹ: "hand" á di "and", "eat" á di "heat". Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń ya Hā sọ́tọ̀ kúrò lára hámúsà.

Ohun kan tún wà tí ó lè mú owó lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni oǹkà. Ní Yorùbá, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, apá kan nínú ọ̀rọ̀ ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Nínú "fifty", apá àkọ́kọ́ ni a ń tẹ̀. Nínú "fifteen" tí a bá dá pè, apá kejì ni. Bí a bá tẹ méjèèjì bákan náà, ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní mọ̀ bóyá páálí 15 ni tàbí 50. Kódà àwọn tí ó ni èdè náà máa ń ṣì í gbọ́ lórí fóònù. Nítorí náà, ẹ máa fi kún un pé "one five" tàbí "five zero". Kò sí ẹni tí yóò fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò pè yín.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó o. Àwọn tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè kejì láyé lónìí pọ̀ ju àwọn tí a fi bí lọ. Ọ̀gá tí ó jẹ́ ará Íńdíà tàbí ará Lẹ́bánónì ní Èkó ní ohùn tirẹ̀, ará Gánà ní tirẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ wa yé ènìyàn ni a ń wá.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà

Yàtọ̀ sí ìró, àwọn ibì kan wà tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n kò ní jìn sí kòtò wọn.

Èkínní ni ìbéèrè tí ó kó ọmọ wa sí wàhálà. Ní Yorùbá, "bẹ́ẹ̀ ni" ń gbà pé bí olùbéèrè ti sọ ọ́ ni ó rí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Yes" ń sọ pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀, "No" sì ń sọ pé kò ṣẹlẹ̀, bó ti wù kí a gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Bí o kò bá tọwọ́ bọ ìwé, "No, I did not sign" ni ìdáhùn rẹ, yálà "Did you sign?" ni wọ́n bi ọ́ tàbí "Didn't you sign?"

Èkejì ni ọ̀wọ̀. Àwa a máa pe àgbàlagbà kan ṣoṣo ní "wọ́n". Bí a bá sọ fún ọ̀gá pé "They are outside" nígbà tí Alhájì kan ṣoṣo ni ó dúró níta, ènìyàn púpọ̀ ni yóò máa wò fún. Ó kan wa tún lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n "he" àti "she" kò lè pààrọ̀ ara wọn nínú ìwé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń túmọ̀ tààrà. Bí a bá ń jáde lọ, a ó ní "I am coming", nítorí pé "mò ń bọ̀" ni ó wà lọ́kàn wa. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á máa wò wá bí a ti ń kẹ́yìn sí i lọ. "I will be back" ni kí a sọ. A ń sọ "Borrow me your pen" nítorí pé "yá" kan náà ni a ní fún ẹni tí ń yáni àti ẹni tí ń yá lọ́wọ́ ẹni. "Lend me" ni ó tọ̀nà. "Sorry" tí a fi ń ṣe "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí ó kọsẹ̀ kò ní wàhálà láàárín ara wa, ṣùgbọ́n nílẹ̀ òkèèrè, ó lè dà bí ẹni pé àwa ni a fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin ni ojú. A tọ́ wa pé kí á má wo àgbà lójú kòró, kí á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹni tí kò mọ àṣà wa lè rò pé a ń fi nǹkan pamọ́. Kí á gbé ojú sókè nígbà tí a bá ń dáhùn, kí á sì jẹ́ kí ohùn wa dé ìparí gbólóhùn. Èyí kò sọ ènìyàn di aláfojúdi.

Ohun tí ó yẹ kí á máa ṣe

1. Kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ rẹ ń lò. Ẹni tí ó wà ní sítọ́ọ̀ nílò "Two cartons are wet", "Please count with me", "I have not signed". Nọ́ọ̀sì nílò "Where does it hurt?" Gbólóhùn 20 sí 30 tó láti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.

2. Kà á sókè bí ẹni ka wàláà. A kì í fi ojú lásán kọ́ kéwú. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ìrun Àsùbáà lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Bí o bá ní fóònù, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ kí o sì gbọ́ ọ.

3. Má ṣe dá "Yes" tàbí "No" sọ. Fi odindi gbólóhùn tì í lẹ́yìn: "No, I did not sign." Bí "Yes" bá tilẹ̀ ṣì jáde, gbólóhùn ẹ̀yìn rẹ̀ á tún un ṣe.

4. Béèrè bí kò bá yé ọ. Abéèrè kì í ṣìnà. "Please say it again" kò ní ìtìjú nínú. Èyí tí ó tún dára jù ni pé kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o gbọ́: "Do you mean that I should count them first?" Ọ̀gá gidi fẹ́ràn ẹni tí ó béèrè ju ẹni tí ó ní "Yes, sir" tí ó sì lọ ba iṣẹ́ jẹ́.

5. Ti kékeré bọ̀ sí ńlá. Fi Gẹ̀ẹ́sì kí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ. Bí ìpàdé bá wà, múra gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ láti ilé, kí o sì sọ ọ́ kí ìpàdé tó jìnnà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

6. Bí o bá ṣìnà, tún un ṣe kí o máa lọ. Bí lémọ́ọ̀mù bá ṣi kà lórí ìrun, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á rán an létí, yóò tún un kà, ìrun á sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín, lémọ́ọ̀mù kì í sì í sá kúrò níwájú. "Sorry, I mean fifteen" ti tó.

7. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ẹ̀mí tàbí ẹ̀sùn, tọrọ àyè. Sọ pé "Please let me write my answer", tàbí kí o ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan bá ọ túmọ̀. Níbi tí orúkọ rẹ bá ti wà nínú ewu, kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń dán Gẹ̀ẹ́sì wò.

Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi àṣìṣe ọmọ ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, kí ẹ tó fi bí ó ti yẹ hàn án. Ẹ sì jẹ́ kí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà nínú jàmáà, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ń dáhùn "Yes, sir" sí gbogbo ìbéèrè, ẹ fi ìbéèrè mìíràn dán an wò. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ náà sì le, ẹ fi Yorùbá bi í. Bí bàbá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ì bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa.

Ní ilé-ìwé wa, a ti ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á dúró sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún nípa iṣẹ́ kan. Òfin ibẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, a kò sì gbọdọ̀ já lu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Pàṣán kì í dé ibẹ̀. Ọmọ wa tí ó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wá bá wọn jókòó ní sáà tí ó kọjá. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wọn, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó to wọn sí ìlà méjì, ó sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Didn't you eat?" "Didn't you come yesterday?" Àwọn ọmọ kékeré kọ́kọ́ ń dáhùn "Yes". Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí ó yí wọn po, wọ́n ti ń dáhùn láìrònú: "No, I did not."

Kí Ọlọ́hun Ọba tú kókó ahọ́n wa, kí Ó fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu, kí Ó sì jẹ́ kí á lè sọ ọ́ ní èdè tí yóò yé ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́. Àmín.